Abà Tí Àwòrán Kò Rí

Ọdún tí òfin kòkó àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ dé etí wa ní Àpòmù, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, títí kan apá tí mi ò fẹ́ràn láti rántí.

Òfin náà kò burú létí. Wọ́n ní kòkó tí ẹnikẹ́ni bá gé igbó lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2020 kó tó gbìn kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó wa rán ọmọbìnrin kan, Ṣadé, pé kó wá fi fóònù ya ààlà oko kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé abà Bàbá Jòsáyà, lọ́nà Orílẹ̀-Òwu, ó wo fóònù, ó wo ilé, ó tún wo fóònù. Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú ló ń wò. Ewé ṣáá ló wà níbẹ̀. Kò sí òrùlé, kò sí ibi tí wọ́n ń sá kòkó, kò sí ibojì ìyàwó Bàbá tó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn igi ńlá tí bàbá wọn dá sí kí wọ́n máa ṣíji bo kòkó ló bo gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Ṣadé wí. "Igbó ni wọ́n kọ síbí. Wọ́n ní kò sí oko níbí."

Bàbá yíjú wo ilé wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé mo ti kú ni?"



Kòkó wọn kò tà. Bí àwòrán àtijọ́ bá ní igbó ni, tí kòkó sì ń ti ibẹ̀ jáde, lójú òfin, ẹ ti gé igbó nìyẹn. Ó kan àwọn mìíràn náà. Ní ìpàdé wa, mo dìde, mo ní kí wọ́n gé lára igi wọ̀nyẹn kí àwòrán tó ń bọ̀ lè rí kòkó. Àwọn kan kọ̀. Bàbá Jòsáyà gbà, wọ́n ní ẹni tó kàwé kò ní ṣi àwọn lọ́nà.

Àwòrán tuntun dé. Ó rí abà Bàbá kedere, ṣùgbọ́n wọ́n kùn ún ní pupa: ibi tí wọ́n ti gé igbó lulẹ̀. Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

A pinnu láti rìn lọ sí ilé ìkẹ́rù ilé-iṣẹ́ náà ní Ìkirè. Àwọn kan fẹ́ kọrin. Bàbá ní, "Ẹni tí kò sí kì í kọrin."

Nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ tí mo ti wá, ariwo ni mo mọ ìwọ́de sí. Lọ́jọ́ yìí, ìró ẹsẹ̀ wa nìkan là ń gbọ́. Àwọn tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì dákẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Gbọ̀ngán rọra kọjá láìfọn fèrè. Obìnrin kan wo ojú wa, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà sábẹ́ ẹnu. Mo fọwọ́ kan apá ara mi kó lè dá mi lójú pé mo wà.

Nígbà tí a dé Ìkirè, máníjà ilé ìkẹ́rù náà jáde, ó bẹ̀ wá pé ká sọ̀rọ̀. A kò fèsì. Ó pẹ́ kí Bàbá tó sọ pé, "Ẹ wá fi ẹsẹ̀ yín rin oko wa."

Wọ́n wá, wọ́n sì rìn ín. Àwọn tí igi wọn ṣì dúró, wọ́n dá wọn láre, kòkó wọn wọ ọjà. Ohun tí a jèrè nìyẹn, kò sì kéré. Àmọ́ wọ́n ní àwọn tó ti gé igi, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe fún wọn mọ́. Kòkó Bàbá ń gbẹ lórí ìdúró nínú oòrùn. Òfin tó fẹ́ gba igi là ló mú kí a gé igi, nítorí kò sẹ́ni tó bi wá léèrè kó tó dé.

Bàbá kò bá mi wíjọ́ rí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìpàdé ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n gé igi, tí ẹ̀yin ń kà báyìí, mo kọ ọ́ pé gbogbo wa la fẹnu kò sí i. Irọ́ ni. Èmi ni mo dá a lábàá, àwọn kan sì kọ̀. Mi ò kọ orúkọ wọn.