Ewé Tí Màámi Ń Gbá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Ìlá. Ó ṣì ń dùn mí.

Bàbá mi gbin obì sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó kú. Igi náà pọ̀ débi pé igbó la máa ń pè é. Igbó yìí ni Màámi fi ń rántí ọkọ wọn. Bí Màámi bá ń bá igi sọ̀rọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín o!

Ìgbà tó yá, àwọn kan wá ń yọ́ irin nítòsí wa. Táyà àti ọ́ìlì dúdú ni wọ́n fi ń dáná. Háà, èéfín! Aṣọ tá a bá sá, á dúdú. Páànù ilé dípẹtà. Ewé obì ń pọ́n, ẹ̀ka ń gbẹ. Àdúgbò pariwo títí ìjọba fi lé wọn kúrò. Lọ́jọ́ náà, Màámi jó! Wọ́n ní igi ọkọ àwọn ti bọ́.

Ṣé lóòótọ́ ló bọ́? Afẹ́fẹ́ mọ́, òjò mọ́, àmọ́ igi ṣì ń kú. Màámi gbà pé ìtọ́jú ni kò tó. Ẹ ṣáà mọ àwọn ìyá wa, ilẹ̀ tí a ò bá gbá, ilẹ̀ ọ̀lẹ ni. Láràárọ̀, kí Màámi tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti gbá abẹ́ obì. Wọ́n á sun ewé náà, wọ́n á da eérú rẹ̀ sí gọ́tà.

Mo wá pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ ní yunifásítì. Ó ní ilẹ̀ wa ti kan bí ògì tó pẹ́ lómi. Òjò ló gbé oró èéfín wọlẹ̀, ó sì fọ oúnjẹ igi lọ. Afẹ́fẹ́ máa ń tètè mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tètè sàn. Ó ní ewé tó bá jábọ́, tó sì jẹrà, ló ń dá oúnjẹ náà padà díẹ̀díẹ̀. Ló bá wo abẹ́ igi tó mọ́ bíi pálọ̀, ó béèrè ẹni tó ń gbá a.

Ẹ gbà mí! Màámi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó fẹ́ yin àwọn ni.

Ọ̀rẹ́ mi ló rọra ṣàlàyé fún wọn, ẹnu mi ò gbà á. A ò gbálẹ̀ ibẹ̀ mọ́, a ń da eérú ilé ìdáná sídìí igi kí kíkan ilẹ̀ lè dínkù, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìjì oṣù tó kọjá ló wó obì tó kẹ́yìn. Mo sọ fún Màámi pé ẹ̀bi wọn kọ́, èéfín ló fà á. Màámi wò mí.

“Èéfín ti lọ tipẹ́, ọmọ mi. Èmi ló kù.”

Ẹ jọ̀ọ́, ó dáa ká lé èéfín lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fún ilẹ̀ láyè kó sàn. Ẹ fi ewé sílẹ̀ nídìí igi yín! Ta ni ìfẹ́ ti mú ṣe irú èyí rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n kà á fún Màámi, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́.