Bíréèkì Bàbá Gooro

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò gun òkè lọ wá Bàbá Gooro, Bàbá Gooro fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń wá a. Ìtàn yẹn ni ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ máa ń lọ sí, nígbà ayé rẹ̀ àti lẹ́yìn tó ti papò dà.

Òun ló ń bójú tó táǹkì omi ńlá tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé wọn, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún gígun òkè, tí táyà rẹ̀ nípọn, ló sì ń gùn lọ gùn bọ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ní kọ́nà tó kángun sílé, yóò tẹ bíréèkì. Páàdì onírin inú bíréèkì náà yóò gbá díìsì, àwo irin tó ń bá táyà yí, mú, ariwo rẹ̀ yóò sì han gooro títí dé inú yàrá gbogbo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òjò ti rọ̀, ojú ọ̀run ti ń ṣú, kò sí gooro. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dá iṣẹ́ dúró, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sáré jáde tòun ti téèpù lọ́rùn, ó ń ké pé ọkọ òun ti ṣubú lórí òkè. Kíá, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yàgò fún mi. Bíríkìlà tó múlé tì wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan gbé àkàbà, ẹlòmíì tiẹ̀ yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ pé òun ni wọ́n máa fi gbé e.

Bàbá Gooro ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nígbà yẹn. Páàdì tuntun tí kì í dún ló fi sí kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ fi ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, kò sì bá a nílé. Ó gbọ́ igbe lórí òkè, ìyá àgbà kan tó jókòó síta sì sọ fún un pé ẹnìkan ló ṣubú lọ́hùn-ún. Àánú ẹni náà ṣe é gan-an. Ó mú tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ó gòkè, ó bá bíríkìlà tú igbó kiri títí ìyàwó rẹ̀ fi tan iná sí i lójú.

"Ta lẹ wá ń wá?" ni obìnrin náà bi í.

"Wọn ò tíì dárúkọ ẹ̀ fún mi."

Ìyàwó yìí kan náà ló ti ń fẹjọ́ ariwo sùn tipẹ́. Ó ní àwọn oníbàárà òun máa ń ta gìrì, abẹ́rẹ́ tí òun fi há aṣọ sí wọn lára a sì gún wọn. Ọkọ fẹ́ràn aya, àmọ́ kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní nǹkan. Ó ní ilẹ̀kùn tó bá ń han, òróró ni oògùn rẹ̀. Ó bu òróró ìdáná, ó fi pa díìsì, ó fi pa páàdì. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, lóòótọ́ kẹ̀kẹ́ kò dún, kò sì dúró. Ó kọjá níwájú ilé ara rẹ̀, ó kí ìyàwó rẹ̀ pé ó kú iṣẹ́, ó sì lọ wọnú òkìtì iyanrìn bíríkìlà. Bó ṣe ń gbọn iyanrìn kúrò létí, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n kíyè sí i pé kò dún.

Páàdì tó bá ti mu òróró ti bàjẹ́ nìyẹn, ló bá lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́. Ó di ògbólógbòó náà sínú áńkáṣífì bí eyín tí wọ́n yọ, kí wọ́n lè fi wé tuntun, nítorí bíréèkì kọ̀ọ̀kan ló ní páàdì tó bá a mu. Obìnrin náà ṣàlàyé fún un pé onírin máa ń pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń di kẹ̀kẹ́ mú nínú òjò, ó sì ń pẹ́; èyí tó rọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, àmọ́ ẹrẹ̀ òkè yóò tètè jẹ ẹ́ tán. Ó ní onírin ni kó mú. Bàbá ní rárá, etí ìyàwó òun lòun ń rà á fún.

Bó ṣe di pé wọ́n ń wá a lórí òkè nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí òkúta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Bàbá ọmọ mi, ariwo tí mò ń ráhùn sí yẹn náà ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ ò tíì kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé e padà wá."

Ilẹ̀ mọ́, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní èyí tí wọ́n tà fún òun kò pariwo. Obìnrin náà wá àga jókòó. Látọjọ́ tó ti ń tajà, kò tíì rí ẹni tó fẹjọ́ ìdákẹ́jẹ́ sùn. Ó kó onírin oríṣiríṣi jáde, bàbá ń fi wọ́n sí, ó ń yọ wọ́n, ó ní èyí ń ké bí ológbò, tọ̀hún ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Nígbà tó yá, ó lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá. Aránṣọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó dijú, ọkọ ń gùn kọjá, ó ń tẹ bíréèkì léraléra kí páàdì tuntun lè mọwọ́ díìsì. Àwọn ará òpópónà ń ti fèrèsé wọn. Ẹnìkan yọjú, ó ní wèrè wo tún nìyẹn.

"Ọkọ mi ni," ni ìyàwó fèsì, kò lajú. Kò pẹ́ sígbà náà ló gbọ́ gooro ilé rẹ̀, ó ní òun gan-an nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí ariwo bá ti dún ní kọ́nà, aránṣọ yóò dáhùn láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ délé." Ọkọ yóò ní bíréèkì ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, àwọn méjèèjì ò sì jẹ́ kí ọpẹ́ yìí yẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Kì í ṣe òkè ló pa á. Orí ibùsùn ara rẹ̀ ló kú sí, ó ti gbó, ó ti tọ́, ìyàwó rẹ̀ sì dì í lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, aránṣọ a dá ẹ̀rọ dúró, a tẹ́tí, a tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé náà dákẹ́ jù.

Àbíkẹ́yìn wọn, olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn òkè, ló jogún kẹ̀kẹ́. Páàdì rẹ̀ ti jẹ tán. Nígbà tó wà ní kékeré, ọmọ yìí a máa sá pamọ́ fún ariwo yẹn, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà mọ̀ pé bàbá òun ló ń bọ̀. Nígbà tó wá lọ ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn, èyí tó rọ̀ ló nawọ́ sí. Ó wá rántí ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé, ó sì dá a padà.

"Ẹ bá mi wá èyí tó ń pariwo," ó ní. "Tó bá ṣeé ṣe, kó pariwo bíi ti bàbá mi."

Kíá ni obìnrin tó ń tajà náà nawọ́ mú un. Ó mọ ibi tó wà.

Nírọ̀lẹ́, kọ́nà han gooro. Bíríkìlà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó yọjú wo ọ̀nà. Aránṣọ dìde tòun ti aṣọ tó ń rán lọ́wọ́, omi ti kún ojú rẹ̀. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí bíréèkì.

"O ṣeun tó o délé," ó ní.

"Bíréèkì ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Màmá."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ oníbàárà ló fi nu ojú rẹ̀.