Ríìmù Tuntun Bàbá Mi

Ẹnì kan ń gé irin ládùúgbò wa láàárọ̀ yìí. Bí òórùn rẹ̀ ṣe wọ̀ mí nímú, Màámi ni mo rántí.

Lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìkòtún ni mẹkáníìkì ti gé sípíríǹgì mọ́tò ọ̀bọ̀kún bàbá mi kúrú níṣojú mi, tó sì de ríìmù ńlá tó ń dán bíi dígí sí i. Mọ́tò náà lọ sílẹ̀ débi pé adìẹ ò lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá fi gbé Màámi lọ sí ọsibítù n'Ígàndó, èmi náà wà lẹ́yìn.

Ní gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, abẹ́ mọ́tò ha ilẹ̀.

"Ìwọ lo wúwo," Bàbá sọ fún Màámi. "Bọ́ọ́lẹ̀ jàre, kí n kọjá."

Ní gbogbo gálọ́ọ̀pù ni Màámi ti ń bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ wíwú tẹ̀lé wa nínú oòrùn. Mo yọrí lójú fèrèsé, mò ń rẹ́rìn-ín: "Màámi, ẹ ti sanra jù!" Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kídìnrín wọn ló ń kú lọ.

Níbi gálọ́ọ̀pù tó gbẹ̀yìn, wọ́n ṣubú lu ríìmù ẹ̀yìn. Bàbá ò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n yọjú: "Wò ó dáadáa, ṣé ó fara pa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Orúnkún wọn ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Ríìmù ni mò ń bi ẹ́, òpònú!"