Àlàfo Mẹ́rin Níwájú Ìlà

Ọmọbìnrin mi ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Bíríkìlà ni èmi, ìwé mẹ́ta ni mo kà, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí àti ohun tí ó ṣàlàyé fún mi nìkan ni màá kọ.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó máa ń tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́. Ó ń bá mi ka búlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ kan ó ní igba ó lé mẹ́rìnlá. Mo ní igba ó lé mẹ́tàlá ni. A tún un kà. Tirẹ̀ ló tọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn mi ò bá a jiyàn lórí òǹkà mọ́.

Báyìí ló ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ilé ìwòsàn ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó oògùn pa mọ́ sí ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ àfi tí ẹnì kan bá kọ fèrèsé sáàárín wọn. Ilé ìwòsàn á na ìbéèrè gba ojú fèrèsé wọlé, ẹni tó wà nínú á na èsì síta. Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn ń kọ. Páítọ́nù lorúkọ èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́.

Ọmọ mi kì í kọ fèrèsé. Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé èèyàn mẹ́jọ ló ń kọ ọ́, kálukú sì ń tún ohun kan náà kọ látìbẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá déètì tó kọ sára ìbéèrè rẹ̀ péye, bí wọ́n ṣe máa di èsì. Ó ní ìyà lásán ni. Ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kó wọn sínú àpótí kan, ó ní kí gbogbo wọn máa mú níbẹ̀. Irinṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà nínú àpótí náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kó wọn jọ. Ìyẹn yé mi. Bí irin tí a fi ń yọ búlọ́ọ̀kù ni. Bí irin yẹn bá wọ́, kò sí búlọ́ọ̀kù kan tí kò ní wọ́.

Lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àárín ohun tó bá ń wò ló máa ń ṣú. Dókítà ní iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ń kú. Ó ní oògùn lè dá a dúró díẹ̀, àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé, wọ́n gbà. Ó sọ lẹ́tà di ńlá títí tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló ń gba ojú kọ̀ǹpútà. Ohùn kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń ka ìyókù sí i létí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Bàbá, ká ní ojú yín ń lọ nígbà tí ẹ ń mọlé fún èèyàn, ṣé ẹ̀ bá sọ fún onílé?"



Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀gá wọn pè é. Mo wà ní yàrá náà. Ohùn ọkùnrin náà ga, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn mẹ́ta ló ti pè mí láàárọ̀ yìí. Tí wọ́n bá béèrè oògùn márùn-ún, ọ̀kan ló ń dé. Ti àkọ́kọ́ nìkan. Fèrèsé wa á sì sọ fún wọn pé ó ti pé."

"Láti ìgbà wo, ọ̀gá?"

"Nǹkan bí oṣù méjì. Oṣù méjì náà ni Ẹlẹ́rìn-ín wọṣẹ́. Òun ló ba nǹkan jẹ́, mo ti ní kó máa lọ sílé."

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Àǹtí ló ń pe ọmọ mi.

"Ṣùgbọ́n inú àpótí tìẹ ni ohun tó bàjẹ́ wà," ni ọ̀gá náà wí. "Mo fún ọ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí o kò bá rí i, màá kó àpótí yẹn dànù, a ó lọ lo ti àwọn ẹlòmíràn. Mi ò wá mọ iṣẹ́ tí wàá máa ṣe fún wa lẹ́yìn ìyẹn."

Ó gé fóònù.

Ọmọ mi jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di ọ̀sán. Ohùn inú kọ̀ǹpútà ń kà, ó ń kà. Ìdánwò kan wà tó fi ń yẹ àwọn irinṣẹ́ náà wò. Ó ṣe é nígbà mẹ́fà. Ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fọwọ́ gbá tábìlì.

"Bàbá, ẹ wá jókòó síbí."

"Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ? Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ máa kà fún mi."

Ó dá lẹ́tà padà sí bó ṣe kéré tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí iṣẹ́ rẹ̀ lódindi. Mo fi ìka sí i, mo ń kà á.

"Ohun kan wà níbí bí ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́."

"Àkámọ́ ni. Ẹ fò ó."

"Ìlà kan tún sùn sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ yára, Bàbá, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì lẹ ń pò."

"Tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì ni, ǹ bá ti pò ó tán, ǹ bá ti lọ wẹ̀."

Nígbà tó fi di aago méjì, a ti ka irinṣẹ́ mẹ́rin. Ìkarùn-ún ni èyí tó ń kó èsì jọ. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo dúró.

"Ìlà yìí ò sí nípò rẹ̀."

"Báwo?"

"Nínú mẹ́rin tí a ti kà, ìlà tó bá gbẹ̀yìn máa ń padà sẹ́yìn díẹ̀, sápá òsì. Èyí ò padà. Ó dúró sábẹ́ èyí tó wà lókè rẹ̀ gan-an."

Ó sún àga mọ́ mi.

"Ẹ ka lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀."

Mo kà á fún un. Lẹ́tà mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ tó ṣáájú.

"Àlàfo mélòó ló wà níwájú rẹ̀?"

Mo mú rúlà, mo wo bí lẹ́tà kan ṣe fẹ̀ tó. Mo wọn àlàfo náà, mo tún un wọ̀n.

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́," ló wí. Ó fọwọ́ bojú.

Nínú Páítọ́nù, àlàfo tó wà níwájú ìlà ló ń sọ ibi tí ìlà náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìlà yìí ló ń sọ pé kí wọ́n di èsì, kí wọ́n nà án síta. Bó bá ní àlàfo mẹ́rin, á dúró títí wọ́n á fi mú gbogbo oògùn tán. Bó bá ní mẹ́jọ, wọ́n á mú oògùn kan, á nà án síta, á ní ó parí. Oògùn kan ṣoṣo ni ọmọ mi fi ṣe ìdánwò náà, ìyẹn ni kò fi rí i mú. Ohùn inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀, kì í ka àlàfo. Lẹ́tà ńlá náà sì ti ti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kúrò lójú kọ̀ǹpútà, kò sí bó ṣe lè rí i.

Mo fẹ́ dìde kí n yọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ dúró, Bàbá. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kẹ́yìn." Ó tẹ nǹkan kan. "Orúkọ ta lẹ rí?"

Mo wò ó. Ìyẹn ò gba kí n máa ka lẹ́tà. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà.

"Bàbá."

"Ìwọ ni."

"Ọjọ́ wo?"

Mo ka déètì. Oṣù méjì sẹ́yìn ni, ọjọ́ kejì tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé lẹ́ẹ̀kẹta.

Màá kọ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Tún un ṣe, kí o fi ránṣẹ́, kí o panu mọ́. Ọmọ yẹn á ríṣẹ́ míì. Ọ̀dọ́ ni. Ojú tirẹ̀ ń ríran."

"Ẹlẹ́rìn-ín wà nílé báyìí, ó ń ronú ohun tí òun ṣe," ló wí. "Àwọn aláìsàn sì ti ń gba oògùn kan nínú márùn-ún láti oṣù méjì. Ẹ bá mi mú fóònù yẹn."

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló pe ọ̀gá rẹ̀.

"Ṣé o ti rí i?"

"A ti rí i, ọ̀gá. Bàbá mi ló rí i."

"Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni bàbá rẹ ń ṣe?"

"Bíríkìlà ni wọ́n."

"Ṣé ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Mi ò ríran dáadáa mọ́, ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Èmi ni mo ba ìlà náà jẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà."

 

"Oṣù mẹ́jọ," ni ọ̀gá náà wí. "A jẹ́ pé gbogbo ohun tí o ti fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́jọ…"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Fi àtúnṣe yẹn ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo máa tìlẹ̀kùn àpótí náà mọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ ti parí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo máa tì í."

"Ẹ fún mi di ọ̀la, mo bẹ̀ yín. Ó ku irinṣẹ́ mẹ́sàn-án tí a ò tíì wò. Tí òmíràn bá wà níbẹ̀, ta ló máa mọ̀ ọ́n?"

"Aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la. Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀."

Ọmọ mi fi ìka mi sórí bọ́tìnnì tó ń pa àlàfo rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìlà náà padà sípò rẹ̀. Ó fi oògùn márùn-ún dán an wò, márààrún jáde.

Ní aago márùn-ún, Ẹlẹ́rìn-ín pè. Kò rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, wọ́n ní kí n padà wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń lọ. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ta ni màá wá máa bi léèrè nǹkan?"

"Bàbá mi," ni ọmọ mi wí. "Wọ́n ní rúlà."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó di ẹkún. Ọmọ mi gé fóònù.

A wo irinṣẹ́ mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, a bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Ìkẹsàn-án ò ní àbùkù, ìkẹwàá àti ìkọkànlá náà ò ní. Nínú ìkejìlá mo rí ìlà méjì tí àlàfo wọn ṣìnà.

"Ṣé tèmi ni?"

Mo wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Tìẹ ni."

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, ká máa lọ."

A tún un ṣe. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ku irinṣẹ́ méjì.