Ẹyọ Owó Inú Ike

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní Alábà. Ó dá mi lójú, nítorí aago tòkunbọ̀ mẹ́fà ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì ń sọ òótọ́, mo mọ èyí tí í ṣe. Òórùn ẹrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú kọ̀ńténà ti gba gbogbo ibẹ̀: òórùn kápẹ́ẹ̀tì tí omi ti wọ̀ lára rí, eruku ìwé àtijọ́, àti òjé tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ kejì ń yọ́. Mo ń nu tábìlì onírin kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Bí mo ṣe fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, nǹkan kan yí lẹ́yìn rẹ̀, ó ró kó.

Ike ni. Ó le, ó mọ́ bíi gíláàsì, ó sì fẹ̀ tó páálí ìṣáná méjì tí a tò pọ̀. Ẹyọ owó bàbà kan, èyí tó kéré jù nínú owó Amẹ́ríkà, wà láàárín rẹ̀ bí ẹyinjú. Wọ́n ti lẹ ike náà pọ̀ yí ká débi pé èékánná kò rí ibi wọ̀. Ìwé pélébé kan wà lókè owó náà, nínú ike níbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan àti àdírẹ́sì wọn wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé sáńpù ni. Mo gbé e fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń pè ní Bọ̀dá. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Sáńpù," ni wọ́n wí. "Ọjà gan-an wá dà?"

Wọn kò fi ṣe àwàdà. Ní Alábà, sáńpù ni èyí tí wọ́n ti tú síta, tí wọ́n fi iná sí, tó ń kọrin fún oníbàárà. Páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ni èyí tí oníbàárà ń gbé lọ sílé. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Bọ̀dá ti fìgbà kan gbé irú páálí tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ délé, wọ́n tú u lójú àwọn àna wọn, búlọ́ọ̀kù méjì àti àkísà ni wọ́n bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé, "Sáńpù kì í purọ́. Páálí ló ń purọ́." Wọn kò sì ra ohunkóhun tí wọn kò kọ́kọ́ tú wò mọ́, ìbáà ṣe ayọ́n, ìbáà ṣe àgbá ọ̀dà.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ agùnbánirọ̀ dé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ni mo ń gbé ní Ìbà, mo ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fèsì sí. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi ṣòro fún mi láti kọ̀wé sí àdírẹ́sì inú ike náà. Kíkọ̀wé sí ẹni tí n kò mọ̀ ti mọ́ mi lára. Ìbéèrè kan ni mo béèrè: kí ló dé tí èèyàn á fi tọ́jú owó tí kò lè ra tọ́ọ̀fì tó báyìí?

Ó lé ní oṣù méjì kí èsì tó dé, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà ló fèsì. Wọ́n ti fi lẹ́tà mi lé bàbá àgbàlagbà kan lọ́wọ́, tó ń ṣa irú ike bẹ́ẹ̀ jọ. Ọwọ́ ni bàbá náà fi kọ ọ́, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ fì sápá òsì bíi koríko tí atẹ́gùn ń tì. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń yẹ ẹyọ owó àtijọ́ wò, tó ń fún un ní máàkì bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọ iléèwé, tí wọ́n á sì sé e mọ́ inú ike kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀. Kí àwọn oníṣòwò lè rí bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, wọ́n máa ń sé owó yẹpẹrẹ mọ́ inú ike díẹ̀, wọ́n á pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Sáńpù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn fọ́ tiwọn, ọ̀pọ̀ jù ú nù, èyí tó kù ló wá ṣọ̀wọ́n. Owó inú rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ike tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí, pẹ̀lú ìwé pélébé inú rẹ̀, ni àwọn ń wá.

Bàbá náà tún fi ìwé kan sínú àpòòwé náà, tí wọ́n fi tápùráítà tẹ̀: gbogbo irú sáńpù tí a tíì rí, àti orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣa á jọ ní ìlú púpọ̀ ló gbára lé ìwé náà. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn wá a. Wọ́n pè mí ní ọ̀rẹ́ wọn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹbí mi ti rò pé mo lè wúlò fún nǹkan kan.

Mo wá a lóòótọ́. Láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, mo rí mẹ́ta sí i: ọ̀kan nínú àpò kóòtù òkìríkà, ọ̀kan nínú agolo sìgá, ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó àga onítìmùtìmù. Inú páálí ṣúgà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń kó wọn sí. Ẹ̀gbọ́n mi á fẹsẹ̀ kan páálí náà bó bá ń gbálẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kówó sí báńkì," ni yóò wí, "ìwọ ń kó o sínú páálí ṣúgà. Kò burú. Èèrà ò ní jẹ ẹ́."

Ìkarùn-ún ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní Okokomáíkò, lẹ́bàá ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, ìyá kan wà tó ń ta àpótí aṣọ tòkunbọ̀. Nínú àpò ẹ̀gbẹ́ àpótí kan ni mo ti rí i. Ìwé inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, kò sì sí nínú ìwé bàbá náà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi èékánná tọ etí rẹ̀ yí ká, kò sí ibi tó là. Mo bi ìyá náà bóyá wọ́n lè ta ike náà nìkan fún mi.

"Àpótí àti ohun inú ẹ̀ ló jọ wọ ọkọ̀ ojú omi wá," ni wọ́n dáhùn. "Èmi kọ́ ni n ó tú wọn ká."

N kò lágbára àpótí. Mo da gbogbo ohun tó wà lára ìwé náà kọ, mo sì fi ránṣẹ́ sí bàbá náà lọ́jọ́ kejì. Mo ròyìn rẹ̀ nílé pẹ̀lú, nídìí oúnjẹ, n kò sì mọ̀ pé Bọ̀dá ń gbọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn kò sì gbà mí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ kan sẹ́yìn.

"Gírádúéètì, na ọwọ́ ẹ."

Wọ́n gbé ike aláwọ̀ ewé náà lé mi lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ti rí gbágungbàgun, gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí i lára bí ikun. Owó inú rẹ̀ ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Ìyá yẹn fẹ́ ta páálí fún mi," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Mo ní rárá o, ẹ jẹ́ n tú u wò ná. Sikirudíráfà la fi tú u. Owó gidi ni, ìwé ẹ̀ náà pé."

"Ẹ tú u, sà?"

"Mo tiẹ̀ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ṣé ẹni tó fẹ́ lọ rí òyìnbó ò ní wẹ̀ ni?"

Nínú ilé, ẹ̀gbọ́n mi ti ń kó aṣọ sínú àpótí tuntun náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ọkùnrin náà ti fi ọgbọ́n tó dára jù tí wọ́n ní ṣe mí lóore. Bí wọ́n ṣe ń ra ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n ṣe rà á.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni lẹ́tà bàbá náà dé. Inú wọn dùn púpọ̀. Wọn kò gbúròó aláwọ̀ ewé rí. Ohun kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ mi. Ṣé ó ṣì wà ní sísé bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe sé e? Ẹnikẹ́ni tó bá tú ike lè fi ìwé tó bá wù ú sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ fi ike náà ránṣẹ́, ọ̀nà jìn, ara àwọn kò sì le mọ́. "Ọ̀rọ̀ rẹ tó fún mi," ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Mo gbé lẹ́tà náà kiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Níkẹyìn mo kọ èsì: mo rí i ní sísé, n kò ṣí i.

Mo ti wọn gbólóhùn méjèèjì kí n tó kọ wọ́n. Mo rí i ní sísé ní Okokomáíkò, òótọ́ ni. N kò ṣí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Bí Bọ̀dá bá ra jẹnẹrétọ̀, a ra jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá se ẹ̀wà, a ti se ẹ̀wà. Ká ní ẹnìkan bi mí lójú ọ̀nà Ìbà lójijì ni, "A ti ṣí i" ni ǹ bá dáhùn láìronú. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo yọ ara mi kúrò nínú "a", nítorí "a" ì bá sọ òótọ́. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó sì rọrùn fún mi níbẹ̀.

Ìwé tuntun dé kí ọdún náà tó parí. Wọ́n kọ orúkọ mi láìṣi lẹ́tà kan. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ike náà wà ní sísé, a sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bọ̀dá gbé ìwé náà lọ sí Alábà, wọ́n fi hàn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pé orúkọ àna àwọn wà nínú ìwé ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé a fọ̀ ọ́?"

"Wọn ò béèrè, sà."

Wọ́n wò mí díẹ̀. Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìwò náà ní ìtumọ̀. Ó lè jẹ́ èmi ni mo fi ìtumọ̀ sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń pa òwe wọn fún oníbàárà, n kì í lè gbójú sókè. Ẹni tó tú ike ti sọ gbogbo ohun tó ṣe, eérú àti ọsàn. Èmi ni páálí tí wọ́n lẹ̀ dáadáa.

Mo fara dà á fún oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ọwọ́ ẹlòmíì tó ń ṣa sáńpù jọ, tó ní òun ti ń wá aláwọ̀ ewé kiri nítorí ìwé náà, kí n jọ̀ọ́ sọ bí etí ike rẹ̀ ṣe rí fún òun. Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo kọ̀wé sí bàbá náà. "A ti ṣí i" ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ẹni tó ṣí i, ohun tó fi ṣí i, àti ìdí rẹ̀. Mo sọ pé mo ti mọ̀ kí n tó fèsì. Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, mo fi téèpù lẹ etí àpòòwé náà yí ká, mo ní kí wọ́n so káàdì mọ́ ọn, èyí tí ẹni tó bá gba lẹ́tà máa ń fọwọ́ sí kí wọ́n dá a padà. Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Lẹ́tà lásán ni, mà."

"Lẹ́tà lásán lo wá ń sé tó báyìí?"

Mo ti níṣẹ́ báyìí, iṣẹ́ tí mo máa ń fọwọ́ sí ìwé púpọ̀ nínú ẹ̀. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo máa ń bi ara mi bóyá òótọ́ ni, mo sì tún máa ń bi ara mi bóyá ẹni tí yóò kà á yóò mọ ohun tí mo mọ̀. Ìbéèrè kejì yẹn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ike náà ṣì wà nínú páálí ṣúgà, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti pọ́n.

Ìwé mìíràn kò dé láti ọ̀dọ̀ bàbá náà, n kò sì mọ̀ bóyá orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀. Káàdì náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Ẹnìkan ti fọwọ́ sí i. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́tà bàbá náà lójú fèrèsé, mo fi wéra títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́tà ara káàdì náà dúró ṣánṣán. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fì sápá òsì bíi ti bàbá náà.