Ẹ̀ńjìníà àti Orúnkún Arìnlórùlé

Ọjọ́ tí Ẹ̀ńjìníà ní kí wọ́n dá fíìmù dúró nínú sinimá ni gbogbo àdúgbò ṣì fi ń rántí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló mú un lọ kí inú bàbá lè dùn. Arìnlórùlé ni wọ́n ń ṣe, akọni inú ìwé aláwòrán tí bàbá ti ń kà láti kékeré: aránbàtà tí orúnkún ń dà láàmú, tó ń ti orí òrùlé lé ọ̀daràn. Nínú fíìmù yìí, ó bẹ́ láti orí ilé alájà méjìlá, ó balẹ̀, ó tún ń sáré lọ. Ni Ẹ̀ńjìníà bá dìde, ó ní kí wọ́n dá a dúró.

“Orúnkún ẹ̀ dà?” ló bi àwòrán.

Wọ́n ní kó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá orúnkún ti dùn wọ́n rí. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn ní ti òun ń dun òun lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ni ẹ̀ṣọ́ sìn jáde: bàbá nítorí ariwo, ìyá àgbà nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ bí eré Arìnlórùlé tí bàbá ń wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ṣe rí.

Tẹlifíṣọ̀n ni Ẹ̀ńjìníà ń tún ṣe, àmọ́ kò fìgbà kan jókòó wò ó. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé ni, súkúrúdíráífà lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ á ní kó sinmi, bàbá á ní ta ló lè sinmi nígbà tí aránbàtà wà lórí òrùlé. Ó ní fíìmù kò ní sùúrù, pé láàárín wákàtí méjì ayé ti fẹ́ parẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ló ráyè jẹ́ kí akọni wá òróró tó fi ń pa orúnkún.

Olùkọ́ kan gbé tẹlifíṣọ̀n wá fún iṣẹ́ wákàtí kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló lò ní ṣọ́ọ̀bù, torí kò sí èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ tó o fún Arìnlórùlé. Nígbà tí olùkọ́ wá jà, Ẹ̀ńjìníà bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ wo eré ọjọ́ náà. Olùkọ́ wò ó tán, ó ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Bọ́ọ̀lù nìkan ni ìyàwó òun ń wò nílé.

Nígbà tí àìsàn dá Ẹ̀ńjìníà dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, àmọ́ ìka rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí aṣọ ìbora. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ á wá sọ eré ọ̀sẹ̀ náà fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aṣọ oníbàárà ń dúró dè é, ló bá sáré sọ ọ́: wọ́n lé e, ó bọ́, ó parí. Bàbá kọjú sí ògiri.

“Fíìmù lo sọ fún mi yẹn,” ó ní. “Kí ló jẹ? Ta ló bá sọ̀rọ̀?”

Ọmọ fa àga, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn ayé bàbá, Arìnlórùlé kò gun òrùlé kankan. Bàtà ọmọ tirẹ̀ ni akọni náà jókòó rán. Aránṣọ sọ àwọ̀ òwú, ó sọ bí Arìnlórùlé ṣe fi eyín gé e, ó sọ bó ṣe ń fọwọ́ ra orúnkún. Ìka bàbá dúró. Ó ti sùn. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní àsìkò ìbẹ̀wò ti parí. Aránṣọ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sún mọ́ etí bàbá rẹ̀, ó sì rọra sọ ìyókù, kò gé ibì kankan kúrò.