Isoe Tó Wọ Òkúta Láṣọ

Ó ti lé lọ́dún kan tí Isoe Tanigaki ti kú, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dárúkọ rẹ̀ níwájú àtẹ ẹja ní Okinohama, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Japan, ẹlòmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín kí orúkọ náà tó délẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ.

Oṣù kọkànlá ni, àsìkò tí gbogbo ilé ń fi iyọ̀ pa ráádíṣì mọ́ sínú àgbá de ìgbà òtútù. Hatsu Kuwabara, tí ilé rẹ̀ fara ti ilé Isoe, yá àbúrò rẹ̀ ní òkúta ńlá tó fi ń tẹ ráádíṣì mọ́lẹ̀, ó sì ń fi ọmọlanke gbé e bọ̀ wálé. Táyà ọmọlanke jò ní ìkóríta. Hatsu gbé òkúta náà sí ẹsẹ̀ ògiri, ó fa ọmọlanke rẹ̀ lọ sílé. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá fún odindi ọjọ́ méjì.

Isoe gba ibẹ̀ kọjá nínú òjò náà. Ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. Ohun tó rí ni orí róbótó, èjìká tó rọ̀, àti omi tó ń ṣàn lójú. Ìkóríta tí kò ní ère Jizo kékeré, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọdé àti arìnrìn-àjò, ṣọ̀wọ́n ní Okinohama, gbogbo ìyá àgbà ibẹ̀ ló sì mọ̀ pé ìtìjú ìlú ni kí Jizo wà ní ìhòòhò nígbà òtútù.

"Áà," Isoe ní, "ta ló gbé ọmọ yìí sínú òjò?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, òkúta náà ti dé fìlà pupa tí Isoe fi òwú hun, ó sì ti so aṣọ àyà pupa mọ́ ọrùn bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan gbé ọsàn méjì síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó ẹlẹ́ja dúró níbẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò. Lọ́jọ́ karùn-ún, àlùfáà tẹ́ńpìlì ń kọjá lọ. Kò tíì pẹ́ tó dé ìlú náà, ojú sì ń tì í láti béèrè. Ó tẹríba. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Hatsu dé pẹ̀lú táyà tuntun.

"Isoe! Òkúta mi nìyẹn!"

"Òkúta ta ni?"

"Tèmi! Ogójì ọdún ni mo ti fi ń tẹ ráádíṣì. Bí o kò bá gbà, gbóòórùn rẹ̀!"

Isoe kúnlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Iyọ̀ àti ráádíṣì ni. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù.

"Ogójì ọdún," ó ní. "Jẹ́ kó sinmi."

Ọmọ ẹlẹ́ja yege. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan òkúta yẹn mọ́. Hatsu lọ wá òmíràn létí odò. Gbogbo ìlú ló máa ń tẹríba bí wọ́n bá dé ìkóríta, àfi Hatsu nìkan. Òun máa ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di ọ̀gá.

Nígbà ayé Isoe, Chikage náà máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Òun ni ìyàwó Yasunori, ọmọ kan ṣoṣo tí Isoe bí. Osaka ni wọ́n ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kì í dénú. Òkúta tí Isoe kò mọ̀ rí gba fìlà láàárín ọjọ́ kan. Chikage ti ń lọ sí ọdún mọ́kànlá nílé náà, kò tíì gba ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ kan.

Kì í ṣe pé òwú wọ́n. Tẹlifóònù wọ aṣọ. Páálí tíṣù wọ aṣọ. Gbogbo ọwọ́ ilẹ̀kùn ló wọ ìbọ̀sẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń kánjú jáde, ọwọ́ rẹ̀ á yọ̀, á sì bá wọn dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i. Sílíńdà gáàsì méjèèjì ẹ̀yìnkùlé wọ ẹ̀wù ọlọ́rùn gíga. Ọkùnrin tó ń wá pààrọ̀ wọn máa ń tọrọ gáfárà kó tó bọ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí Isoe wọ ìkòkò ìrẹsì láṣọ, ooru kò rí ọ̀nà jáde, ìkòkò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bí ọkọ̀ ojú irin.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀!" Chikage ké láti ibi ìfọwọ́.

"Fi sílẹ̀," Isoe dáhùn. "Kò tíì mọ́ ọn lára ni."

Ajá Hatsu náà gba tirẹ̀. Goma ni wọ́n ń pe ajá náà, dúdú, kékeré, oníwà pẹ̀lẹ́. Hatsu gbé ẹ̀wù náà sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Isoe, ẹsẹ̀ mélòó ni ajá ní?"

"Mẹ́rin. Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Apá márùn-ún ló wà lára èyí."

"Ṣé o fẹ́ kí ìrù rẹ̀ máa rìn ní ìhòòhò láàárín ìgboro ni?"

Ní Okinohama, ẹni tó bá gba ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ dá nǹkan padà. Bẹ́ẹ̀ ni Hatsu ṣe fi abọ́ èso kákì ránṣẹ́ nítorí ẹ̀wù ajá. Isoe kò sì lè dá abọ́ padà lófìfo. Ó hun àpò sí i. Hatsu fi ẹja gbígbẹ dúpẹ́ àpò. Isoe hun aṣọ fún ìgò ọbẹ̀ sóyà rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ, láti ìgbà yìnyín títí wọ́n fi ń gbin ìrẹsì. Lọ́jọ́ kan Hatsu jáde sí ẹ̀bá ọgbà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Isoe, mo túúbá! Mo bẹ̀ ọ́! Kò sí ohun tó wà ní ìhòòhò mọ́ nílé mi!"

Isoe na ọrùn wo inú àgbàlá rẹ̀.

"Ìgbálẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Chikage rí gbogbo èyí láti ojú fèrèsé, nínú kádígàn tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù.

Òun náà gbìyànjú. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní òtútù ń mú òun. Isoe tan iná sí i. Lọ́dún kẹta, ó ṣí ìwé àwòrán aṣọ sílẹ̀ sójú ewé tí súwẹ́tà búlúù wà, ó sì lọ sọ́jà. Nígbà tó dé, Isoe ti kà á, ó ti pa á dé. "Apá ẹ̀ ti gùn jù," ó ní. Lọ́dún kẹfà, ó sín ní ìgbà méje nídìí oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Yasunori na páálí tíṣù sí i. Aṣọ tó wà lára páálí náà dára ju tirẹ̀ lọ.

Ìgbà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé ṣe. Lọ́dún kẹsàn-án, nígbà tí yìnyín dé orí fèrèsé, Isoe gbé nǹkan kan lé e lọ́wọ́: rọ́bà omi gbígbóná tí wọ́n fi ń sùn, tó wọ aṣọ búlúù, bọ́tìnnì igi mẹ́ta níwájú. Inú Chikage dùn.

"Màmá! Ṣé tèmi ni?"

"Aṣọ yẹn? Rọ́bà ló ni ín," Isoe ní. "Ṣé o kò rí bó ṣe máa ń tutù kó tó dàárọ̀ ni?"

Lọ́jọ́ yẹn, Chikage sọ ọ́ jáde fún ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń nu abọ́.

"Lójú Màmá, àlejò ni mí."

"Àlejò bíi ti báwo?" Yasunori ní. "Bó o bá jẹ́ àlejò, ìwọ ìbá ti ní súwẹ́tà mẹ́fà báyìí."

"Mi ò bá ẹ ṣàwàdà."

Kì í ṣe súwẹ́tà ló fẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà ti gba òun. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bi ìyá ọkọ, bí ẹ tilẹ̀ jọ ń jẹun lórí tábìlì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ó ń dúró de ìdáhùn láti ẹnu abẹ́rẹ́.

Isoe kú ní oṣù kejì, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, níbi tó jókòó sí nídìí tábìlì oníná tí wọ́n fi ń yáná, ọwọ́ rẹ̀ lórí òwú. Honami, ọmọbìnrin Chikage, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní òun rò pé Ìyá Àgbà ń ka ojú òwú ni, òun kò sì fẹ́ kó ṣì í kà.

Kò ṣeé ṣe láti sun òkú lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ náà wà lára àwọn ọjọ́ tí wọ́n ní òkú máa ń fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ, ilé ìsunkú sì máa ń ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ fi dọjọ́ Àbámẹ́ta," Hatsu ní, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Ó ti gba òkúta mi. Kò gbọdọ̀ gba èmi náà."

Ọkùnrin tó ń rí sí ètò ìsìnkú wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ní wọ́n lè fi ohun tí màmá fẹ́ràn sínú pósí, ṣùgbọ́n irin kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ nítorí iná. Àwọn abẹ́rẹ́ irin kò ní lè lọ. Ti ọparun lè lọ.

"Àti aṣọ," ọkùnrin náà fi kún un. "Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun, tí wọ́n máa ń wọ̀. Ẹ ó tẹ́ ẹ lé wọn láyà."

Ìyẹn kò le. Wọ́n ṣí àpótí.

"Èyí ńkọ́?" Yasunori gbé ọ̀kan sókè.

"Ti ìkòkò ìrẹsì ni," Chikage ní.

"Èyí?"

"Ti Goma. Ṣé ẹ ò rí apá ìrù ni, Bàbá?" Honami ní.

Fìlà ọmọdé mẹ́rìnlá wà níbẹ̀. Aṣọ rédíò tí wọ́n ti jù nù lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn wà níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀ fún ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà, nítorí ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju òsì lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àpótí mẹ́ta ti ṣófo, ilẹ̀ yàrá ti kún. Wọn kò rí ẹyọ kan tó bá Isoe mu.

"Kí ni wọ́n wá ń wọ̀?" Yasunori béèrè, bí ẹni tí kò gbé nílé náà rí.

"Kádígàn eléérú yẹn," Honami ní. "Bíi ti Mama."

Chikage wo ara rẹ̀. Ó rántí ṣọ́ọ̀bù náà, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, lọ́dún tó dé ilé ọkọ. Isoe dúró níwájú olùtajà, ó na ìka sí kádígàn eléérú kan. "Méjì," ó ní. "Tèmi àti ti ẹni yìí." Ojú ti Chikage nígbà náà. Obìnrin tó ń hun aṣọ fún gbogbo ayé, aṣọ ṣọ́ọ̀bù ló rà fún òun.

Nínú gbogbo Okinohama, ènìyàn méjì péré ni Isoe kò hun nǹkan fún: ara rẹ̀, àti Chikage.

Chikage jókòó sáàárín àwọn aṣọ náà. Fún ọdún mọ́kànlá ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè ní kó wọlé, inú ilé ló sì wà. Ó rẹ́rìn-ín títí Yasunori fi wá wo ohun tó ń ṣe é, nígbà yẹn ẹkún ti dà á pọ̀.

Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó mú abẹ́rẹ́ ọparun, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Hatsu. Kò mọ ìhun rí. Ta ló jẹ́ dán an wò nínú ilé Isoe?

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ àti gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀.

"Kí lo pè é?" Hatsu béèrè.

"Ìborùn ni, Màmá Kuwabara."

"Ti ènìyàn àbí ti ẹja? Makẹ́rẹ́lì á gba ihò yìí kọjá láìfara kan ohunkóhun."

"Ẹ kọ́ mi, ẹ má bú mi."

"Mo lè ṣe méjèèjì pọ̀. Padà síbẹ̀, o ti fo ojú òwú mẹ́ta. Ọlọ́wọ́ òkúta!"

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìborùn náà ti parí, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Orí kan fẹ̀, orí kejì tín-ín-rín. Ó bẹ̀rẹ̀ ní búlúù, ó parí ní àwọ̀ yẹ́lò nítorí òwú tán. Ihò kan wà láàárín rẹ̀ tí ọwọ́ Honami gbà kọjá. Chikage tẹ́ ẹ lé Isoe léjìká, ó fi abẹ́rẹ́ ọparun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tún un ṣe, ó tún un ṣe. Kò yé wọ́.

Hatsu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Bí Isoe bá rí èyí," ó ní, "yóò dìde, yóò tú u."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin ètò ìsìnkú ti gbé ìdérí pósí dání. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó dúró, ṣùgbọ́n ó dúró, òun àti gbogbo wọn, wọ́n ń wo ọwọ́ Isoe.